Oúnjẹ Pẹ́pẹ́yẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ebi kò pa ará Ẹ̀pẹ́ nínú àwẹ̀ ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, àfi kí ó jẹ́ pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ Sìlífátù ló bá sọ̀rọ̀. Òjò ti dé ṣáájú àkókò rẹ̀, ọ̀sà ń ru, àwọn apẹja fọwọ́ lẹ́rán ní etí omi, gàrí sì ti di ohun tí àwọn ìyá ń gbọn ìsàlẹ̀ àpò fún. Ṣùgbọ́n àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà lẹ́yìn ilé Súbérù ọkọ rẹ̀ sanra débi pé wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Ṣẹ̀rífátù, obìnrin tí ọgbà rẹ̀ bá tiwọn pààlà, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé mùsùlùmí òdodo ni wọ́n, pé wọn kì í fi ìṣínu ṣeré. Sìlífátù a bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé inú rẹ̀.

Súbérù, baálé ilé náà, ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ẹ̀jìnrìn, nígbà mìíràn títí dé Ìkòròdú. Ìyàwó méjì ló ní. Sìlífátù ni ìyálé. Ẹja ló ń yan tà, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, Rọ̀kíbátù, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Mùlíkátù, ọmọ Agbówà, ni ìyàwó kékeré. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wọ oṣù tí yóò bí, nítorí náà kò gbààwẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń dáná ìṣínu jù nínú ilé.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, láti ìdájí ni asọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Igi tí Súbérù gbé wá tutù, èéfín lásán ló ń rú, ọ̀bọ̀kún tó wà lórí ààrò kò sì gbẹ. Sìlífátù ní ọkùnrin tó mọ̀ pé ẹja ló ń bọ́ ilé òun yóò mọ irú igi tó yẹ kí òun rà. Súbérù ní bí ikùn bá ń gbààwẹ̀, ó yẹ kí ẹnu náà máa gbà á. Ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé èjìká, ó jáde láìwẹ̀yìn.

Kò tíì jìnnà tí ìyá Mùlíkátù fi wọlé. Kúbúrátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Agbówà ni gbogbo ilé ń pè é. Ọkọ̀ omi ló wọ̀ wá, ó ru ewùrà ńláńlá nínú agbọ̀n, aṣọ rẹ̀ sì tutù dé orúnkún. Kì í ṣe àbẹ̀wò lásán ló bá wá. Ní ilé Súbérù, láti ayé bàbá rẹ̀, yàrá ìyálé ni ìyàwó ti ń bímọ. Ọwọ́ ìyálé ni ọmọ kọ́kọ́ ń bọ́ sí, òun ni yóò fi omi gbígbóná wẹ ìyá àti ọmọ, òun náà ni yóò sì máa se oúnjẹ tí abiyamọ yóò jẹ títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìyá ìyàwó ló sì gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ fi ọmọ lé ìyálé lọ́wọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé yóò mú ọmọ rẹ̀ padà lọ bí sílé bàbá rẹ̀, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ni yóò sì máa bèèrè ohun tí wọ́n rí nínú ilé náà tí wọ́n fi sá.

Sìlífátù ń retí ọjọ́ yìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó fẹ́ ọmọ náà. Ó ti fọ ẹní rẹ̀, ó ti ra kànìnkànìn tuntun àti ọṣẹ dúdú, ó ti kó ẹrù ẹja kúrò ní yàrá kí òórùn má baà mú ọmọ tuntun. Ó tún ń rí ara rẹ̀ láàrin àwọn obìnrin, tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ Sìlífátù lọmọ bọ́ sí.

Ìyá Agbówà jókòó, ó gba omi fọ ẹsẹ̀, ó wo gbogbo ilé yíká. Ó ní òun kò ní sọ ohun tí òun bá wá lówùúrọ̀ yìí. Òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun dáná fún wọn, kí wọ́n jọ ṣínu ná.

"Ẹni tí mo bá bá jẹun ni mo lè fọmọ mi lé lọ́wọ́," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nìyẹn."

Sìlífátù kúnlẹ̀, ó ní ọmọ wọn, ọmọ òun ni. Ó tún ní kí wọ́n bi Mùlíkátù wò bóyá ọjọ́ kan wà tí òun kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mùlíkátù ní kò sí, pé ìyálé òun kì í kọ abọ́ òun, pé mímọ́ ló máa ń dá a padà. Ìyá rẹ̀ mi orí, inú rẹ̀ dùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ wọ̀nyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá, Mùlíkátù a bu oúnjẹ sínú abọ́ tánganran, a gbé e wá fún ìyálé rẹ̀. Sìlífátù a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a ṣàdúrà sí i pé kí Ọlọ́run gbà á ní sàárà. Lẹ́yìn náà a wọ yàrá, a gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé jáde, èjìká ṣáájú, ojú a yẹ ọgbà Ṣẹ̀rífátù wò. Bí kò bá sí ẹnìkan, a da gbogbo rẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ, a fẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo ojú epo, a ṣan abọ́, a sì dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó dùn gan-an ni, Ìyàwó."

Kí ló rí lọ́wọ́ Mùlíkátù? Kò rí nǹkan kan. Ẹnìkan ló sọ ọ́ sí i létí lọ́jà pé oúnjẹ orogún kì í ṣe àjẹsùn, ọ̀rọ̀ náà sì bá ohun kan tó ti wà nínú rẹ̀ pàdé. Kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ fún Rọ̀kíbátù. Ó gbà pé ohun tí a kò bá sọ fún ọmọ, ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóde. Wọ́n á pa ẹnu mọ́, wọn kò ní pa ara mọ́.

Nígbà tí Rọ̀kíbátù ti ilé-ìwé dé, òjò ti pa á. Àwẹ̀ ọmọdé ló ń gbà, èyí tó máa ń parí ní ìrun Àìlà, ó sì yẹ kí ìyá rẹ̀ ti wá nǹkan sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Sìlífátù wà lábẹ́ àtíbàbà ewé tó fi bo ààrò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ iná, omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí èéfín, ó ní kí ọmọ náà mú sùúrù. Rọ̀kíbátù lọ dúró lẹ́bàá Ìyá Agbówà nílé ìdáná, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀ epo tó ń hó, tí òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo agboolé. Wọ́n bi í bóyá ebi ń pa á. Ó kàn ń wo ìkòkò.

Àgbà obìnrin náà kò dúró kí gbogbo rẹ̀ jinná délẹ̀. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ tó kọ́kọ́ dì sínú abọ́ Mùlíkátù, ó fi ẹja tó jọjú lé e, ó nà án sí ọmọ náà. Láti ìdí ààrò, Sìlífátù gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ ketekete pé kí Ọlọ́run gbà á ní sàárà. Ó gbọ́ bí Ìyá Agbówà ṣe rẹ́rìn-ín, tó ní ọmọ tí a kọ́ ni èyí, pé ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Inú Sìlífátù dùn. Ó tún gbé igi sí iná.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí.

Èjìká ló kọ́kọ́ yọ. Rọ̀kíbátù yọ orí, ó yẹ ọgbà Ṣẹ̀rífátù wò, ó wo ọ̀nà kànga. Kò wo ìdí ààrò, nítorí ìyá rẹ̀ kì í wo ibẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ká etí aṣọ rẹ̀ sókè kí epo má baà ta sí i. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń bọ̀ kí ó tó tẹ abọ́, wọ́n mọ ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí ẹja yọ̀ kúrò lójú abọ́, Sìlífátù rí i bí ọ̀fun ọmọ náà ṣe gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kékeré náà na síwájú, ó ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo ojú epo, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Ẹsẹ̀ Sìlífátù ni. Bó ṣe ń yí ìgigísẹ̀ nìyẹn, bó ṣe ń dúró wò ó bóyá ó ti bò tán nìyẹn. Kò tíì rí ara rẹ̀ rí láti ẹ̀yìn, àfi lọ́jọ́ náà.

Ó fẹ́ pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Kí ó tó rí i pe, Ìyá Agbówà ti yí ẹ̀gbẹ́ ilé jáde pẹ̀lú bùtà lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí yóò ti ṣe àlùwàlá Alásàrí. Ó dúró. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ń fa ẹja mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba Rọ̀kíbátù. Ó kúnlẹ̀, ó na abọ́ òfìfo sí wọn. "Ó dùn gan-an ni, Ìyá."

Àgbà obìnrin náà gba abọ́. Kò jágbe. "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi," ni Rọ̀kíbátù wí. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe oúnjẹ Ìyá Kékeré. Ti pẹ́pẹ́yẹ ni."

"Ebi ò pa ìwọ ni?"

"Ó ń pa mí, Ìyá."

Ìyá Agbówà gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ti Sìlífátù lábẹ́ àtíbàbà ewé. Àgbà náà bẹ̀rẹ̀, ó da omi sí ọwọ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún da omi sí i, ó tún fọ̀ ọ́, ó sì wọlé lọ kírun.

Sìlífátù fò jáde. Ó di ọmọ náà mú lápá, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, ó ń bi í pé ta ló ní kó da oúnjẹ èèyàn nù. Rọ̀kíbátù kò sunkún, kò sì sá. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

"Ṣé yẹ̀pẹ̀ tí mo wọ́ bò ó ni kò tó?" ló bèèrè.

Ọwọ́ Sìlífátù já wálẹ̀. Ojú tì í níwájú ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ojú tì í débi pé kò lè wo ojú rẹ̀.

Orí Ṣẹ̀rífátù ti yọ lórí ọgbà. Lọ́jọ́ náà kò fi pẹ́pẹ́yẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fa orí padà, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé kànga. Àwọn kan ní oògùn ni Sìlífátù rí nínú oúnjẹ náà. Àwọn kan ní kò rí nǹkan kan, inú rẹ̀ ló burú. Obìnrin kan ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i tó ń da oúnjẹ nù, òun kò kàn fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olófòófó ni, àwọn yòókù sì ní àwọn náà ti rí i. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n àwọn yìí sùn dáadáa láti ìgbà yẹn wá.

Etí omi ni ọ̀rọ̀ ti bá Súbérù, kí ó tó so ọkọ̀ rẹ̀. Ó wọ yàrá Sìlífátù láìbọ́ aṣọ tutù lọ́rùn, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó bi í bóyá òun tí òun ń jẹ oúnjẹ Mùlíkátù lójoojúmọ́ ti kú. Ó ní bó bá mọ̀ pé májèlé wà níbẹ̀, kí ló dé tó jókòó tó ń wo òun bí òun ṣe ń jẹ ẹ́? Bó bá sì mọ̀ pé kò sí, ṣé ó mọ iye ilé tí kò rí iná dá ní Ẹ̀pẹ́ lónìí? Èyíkéyìí tí Sìlífátù bá dáhùn nínú ìbéèrè méjèèjì, òun náà ni yóò dá a lẹ́bi.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Súbérù bi í níkẹyìn.

Ó ya ẹnu láti sọ pé obìnrin kan lọ́jà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá tó bí i ló rí lọ́kàn rẹ̀. Ó rí i lẹ́yìnkùlé ilé tí wọ́n ti bí òun, èjìká rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, abọ́ ìyàwó kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Adìẹ ni wọ́n ń sìn nígbà náà. Òun náà dúró lẹ́yìn ìkòkò omi, ó ń wò, ó kéré ju Rọ̀kíbátù lọ, kò sì sí ẹni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ náà rí.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi," ló wí.

Súbérù wò ó títí. Ó ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn jáde.

Mùlíkátù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà náà, ó fi ọwọ́ kan di ikùn rẹ̀ mú. Kò bú u, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún. "Ìyálé," ló wí, "ẹja yín tí ẹ máa ń bù fún mi, mo máa ń jẹ ẹ́. Orí rẹ̀ pàápàá, mo máa ń fà á mu." Ó yípadà, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ì bá sàn fún Sìlífátù kí Mùlíkátù rọ̀jò èpè lé e lórí. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kì í wá nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ.

Ó jókòó sínú yàrá tó ti tún ṣe fún ọmọ tuntun títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó mọ̀ pé bí Mùlíkátù bá fi ilé náà sílẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀, kò ní sí ọ̀nà tí òun yóò gbà ní Ẹ̀pẹ́ tí wọn kò ní fi òun han ara wọn. Ju ìyẹn lọ, ó fẹ́ kí Rọ̀kíbátù rí ohun mìíràn lára òun kí ọjọ́ tó parí. Nígbà tí ládàánì pe ìrun Mọ̀gàríbì, tí wọ́n sì tẹ́ ẹní ìṣínu sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú abọ́ òfìfo ti ara rẹ̀, ó jáde lọ bá wọn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Agbówà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi."

Àgbà obìnrin náà pẹ́ kó tó gba abọ́ náà. Ó bù ú kún. Sìlífátù kò gbé e wọ yàrá. Lójú Súbérù, lójú Mùlíkátù, lójú Ṣẹ̀rífátù tó ní iná lòun wá fọn lọ́dọ̀ wọn, ó jókòó sílẹ̀ bẹẹrẹ, ó ń jẹ. Ó dùn. Epo rẹ̀ ṣe déédéé, ata rẹ̀ kò pọ̀ jù, ewùrà náà ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ọwọ́ tó kọ́ Mùlíkátù ní ọbẹ̀ sísè nìyẹn. Láti ọjọ́ tí Mùlíkátù ti wọ ilé, òun ló ń sọ fún un pé oúnjẹ rẹ̀ dùn, kò sì mọ̀ pé òótọ́ lòun ń sọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́, kò nù ún, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́, ó lá a.

Ìyá Agbówà kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí abọ́ gbẹ, ojú rẹ̀ tú díẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí kì í ṣìṣe, pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣubú ló ń dìde. Ó gbé ọwọ́ lé orí Mùlíkátù bí ẹni tó fẹ́ ṣàdúrà. Súbérù mí kanlẹ̀.

Bóyá ká ní Sìlífátù dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ó dáa tán. Ó pe Rọ̀kíbátù tó rọra jókòó sẹ́yìn òpó, ó bu òkèlè kan pẹ̀lú ẹja lára ti Súbérù, ó ní kó gbà, kó jẹ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ṣé òun náà rí i pé ìyá òun jẹ ẹ́. Ọmọ náà la ẹnu. Ó gbà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó kúnlẹ̀, ó tẹ orí ba fún Ìyá Agbówà láti dúpẹ́.

"Ọmọ dáadáa," ni Ìyá Agbówà wí. "Wí fún mi kí n gbọ́. Ó dùn?"

Rọ̀kíbátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Fi ẹnu sọ ọ́."

Ètè ọmọ náà kò ṣí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Ojú rẹ̀ rọra yẹ̀ kúrò lára àgbà náà, ó lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ṣẹ̀rífátù pàápàá gbàgbé iná tó wá fọn.

Ọwọ́ Ìyá Agbówà kúrò lórí ọmọ rẹ̀.

"Mùlíkátù, lọ di ẹrù rẹ," ló wí, láìbínú. "Ọ̀dọ̀ àbúrò mi nísàlẹ̀ ọjà la ó sùn, ká lè bá ọkọ̀ àárọ̀." Ó yíjú sí Sìlífátù. "Mo rí i pé o jẹun. Àgbà lè jẹun nítorí ojú ayé. Ẹnu ọmọdé ni mo ń wò."

Súbérù dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mùlíkátù dìde, ó wọ yàrá, wọ́n sì ń gbọ́ ìró àpótí tó ń wọ́ nílẹ̀. Sìlífátù nìkan ni kò kúrò lójú kan. Ó wọ́ sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Tu ú síbí," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Rọ̀kíbátù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tu òkèlè náà àti ẹja rẹ̀ sí ọwọ́ ìyá rẹ̀, odidi, eyín kò kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kékeré tirẹ̀ ká ìka ìyá rẹ̀ pa dé lé e lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń di ẹrù má baà rí i.